Àwọn Àlejò Tí Kò Mọ Àtẹ̀gùn

Oòrùn ọ̀sán ń la orí bí àáké. Òjò ti gbàgbé ìlú Quanzhou pátápátá. Àwọn ajá àdúgbò na ara wọn gbalaja sábẹ́ ògiri bíríkì pupa, ahọ́n wọn jáde síta bí ẹni pé wọ́n fẹ́ tà á. Nínú irú ọ̀dá bẹ́ẹ̀ ni Peizhen gbé ẹsẹ̀ wọ yàrá ọmọ rẹ̀ lókè, tó sì tẹ omi.

Omi náà tutù nini. Peizhen wo àjà, àjà gbẹ. Ó wo fèrèsé, fèrèsé tì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ omi, ó gbé ìka sí imú. Ó ń rùn bí ewédò tó hù lára amọ̀ àtijọ́, òórùn tùràrí sì wà nínú rẹ̀ díẹ̀, bíi ti aṣọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojúbọ dé.

Lẹ́yìn náà ló wá rí i pé omi náà ní ìrísí. Ipa ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ńlá wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kékeré wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan tiẹ̀ rí ṣóńṣó bíi ti àwọn ìyá àgbà ayé ọjọ́un tí wọ́n di ẹsẹ̀ wọn ní kékeré. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti àárín yàrá, bí ẹni pé àwọn tó ni wọ́n já bọ́ láti òkè. Wọ́n yí ibùsùn Anqi po. Kò sí ọ̀kan tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Lórí ibùsùn náà, Anqi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń sun oorun ọ̀sán. Ó na gbọọrọ, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé àyà.

Peizhen rẹ́rìn-ín. Ó kígbe sísàlẹ̀ pé, "Bàbá Anqi, ẹ̀yin pẹ̀lú ọmọ yín, tí ẹ bá tún ṣeré omi nínú yàrá yìí, ẹ̀yin lẹ máa nù ún!"

Wencong, ọkọ rẹ̀, dáhùn láti ilé ìdáná pé òun ò tíì gun òkè láti àárọ̀. Ẹ̀rín náà dákẹ́ sí Peizhen lẹ́nu. Ó mú àkísà, ó nu ilẹ̀.

Yàrá tí à ń wí yìí, Peizhen ti jà fún un kó tó rí i. Ilé ìdílé Zhuang ni wọ́n ń gbé, ilé gbàràmù kan tí ìkangun òrùlé rẹ̀ là sókè bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Láàárín ilé náà ni àkòdì wà, ibi tí ilé ti la ojú sí ọ̀run. Òjò máa ń bọ́ síbẹ̀, oòrùn máa ń bọ́ síbẹ̀, ológbò aládùúgbò náà máa ń bọ́ síbẹ̀. Níwájú àkòdì ni gbọ̀ngàn, níbi tí orúkọ àwọn baba ńlá tò sí lórí pẹpẹ. Ilé ńlá, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àwọn alààyè ń sùn: inú yàrá tóóró bí àpótí bàtà.

Nígbà tí ọ́fíìsì ìlú wá ní kí àwọn onílé àtijọ́ tún ilé wọn ṣe fúnra wọn, pé bí ojú ilé bá ti wà bó ṣe wà, inú di tiwọn, ariwo ayọ̀ sọ ní gbogbo àdúgbò. Ẹni tí kò lè kan ìṣó mọ́ ògiri lánàá di akọ́lé. Ẹni tó ń ta ẹja di ẹni tó ń yàwòrán ilé. Peizhen fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ nínú àkòdì: kọnkéré yóò bo ibí, ilé ìdáná yóò wà nísàlẹ̀, yàrá Anqi yóò wà lókè. Wọ́n fi ògiri la gbọ̀ngàn sí méjì, wọ́n gba ìdajì, Ruiyin, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Wencong, gba ìdajì. Wọ́n kó pẹpẹ àwọn baba ńlá sí ẹ̀gbẹ́ fìríìjì.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò yọ̀, ìyẹn ìyá Wencong. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré, màmá dúró láàárín àkòdì nínú òjò wínníwínní, kò gbé agboòrùn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ibi tí ẹ fẹ́ bò yìí, ṣé ẹ mọ ohun tó máa ń gbabẹ̀ wọlé?"

"Ẹ̀fọn ni, Màmá," ni Peizhen wí. Gbogbo àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì rẹ́rìn-ín.

"Tó bá wá di ọjọ́ tèmi, ibo lẹ máa tẹ́ mi sí?"

Wencong gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. "Màmá, ilé ìwòsàn wà. Ibùsùn tiwọn gan-an ń gbéra sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ máa jókòó bí ọba."

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọn kì í fi ẹni tó fẹ́ kú sílẹ̀ nínú yàrá. Gbọ̀ngàn ni wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pákó, ojú rẹ̀ á wà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọjú sí ẹnu ọ̀nà, àkòdì á sì là sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ wá mú un lè rí ọ̀nà. Ẹni tó bá kú sí yàrá, wọ́n ní yàrá náà ló máa ń gbé. Ṣùgbọ́n ta ló ń ráyè fún ìyẹn nígbà tí ọkọ̀ kọnkéré ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí awakọ̀ ń fọn fèrè?

Wọ́n bò ó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Màmá dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, lábẹ́ àtẹ̀gùn. Àìsàn náà kò pa á, kò sì jẹ́ kó dìde. Lọ́sọ̀ọ̀sán, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá pa rọ́rọ́, á gbé orí sókè, á tẹ́tí.

"Wọ́n ti dé," ni á máa wí. "Kí ló dé tí wọn ò sọ̀ kalẹ̀?"

Wọ́n gbà pé ọjọ́ ogbó ni.

Nísinsìnyí, omi náà ń padà wá. Bí Peizhen bá nù ún lónìí, á bá a níbẹ̀ lọ́la lákòókò oorun ọ̀sán. Ruiyin yọ orí láti apá tirẹ̀.

"Ìyàwó, omi yín tún ti dé?"

"Ó tún ti dé o, Ẹ̀gbọ́n."

"Páìpù ni. Mo sọ fún ọkọ mi kó má fọwọ́ kan páìpù yẹn. Ẹni tó ń ta tíì láti kékeré, ta ló sọ ọ́ di oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi?"

"Kò sí páìpù tó gba òkè kọjá."

"A jẹ́ pé ọmọ ẹ ló ń tọ̀ sílẹ̀."

"Ìtọ̀ tó ń rùn bíi tùràrí? Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọmọ ọlọ́lá nìyẹn! Tèmi tó tọ̀ títí tó fi wọ ilé ìwé, òórùn ewúrẹ́ ló ń rùn."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ruiyin rí Anqi tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó ń di ògiri mú bí arúgbó, ẹ̀rín náà ré sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Kí ló ṣe ọmọ yìí tó funfun báyìí?"

Anqi kò jẹun mọ́. Omi nódù tí wọ́n fi ìṣáwùrú òkun sè, èyí tó máa ń lá tán nínú abọ́ láàárọ̀, ó kàn ń wò ó ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Dókítà wò ó, ó ní kò sí nǹkan kan, kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Ìbọ̀sẹ̀, nínú ooru tó ń yan ẹyin lórí òrùlé! Peizhen wọ̀ ọ́ fún un. Lálẹ́ tó bọ́ ọ, òtútù náà ti kúrò ní ẹsẹ̀, ó ti gun ojúgun.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oorun ọ̀sán tó, Peizhen jókòó sórí àpótí ní igun yàrá náà, ó sì ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀.

Ní àkọ́kọ́, kò sí nǹkan. Ẹyẹ kan ń ké lórí igi eléso lóńgánì ní òkèèrè. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ òjò. Kì í ṣe òjò orí òrùlé, kì í ṣe ti ìta. Inú yàrá náà ni òjò ń rọ̀ sí, ó ń kán tó, tó, tó sórí òkúta, bẹ́ẹ̀ kò sí òkúta níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbẹ. Irun apá rẹ̀ dìde. Ní àárín yàrá, ilẹ̀ ṣú díẹ̀, ó sì tutù. Ẹsẹ̀ kan nìyẹn. Òmíràn farahàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ẹni tó ni ín ń sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n rìn yí ká. Wọ́n dé ibi orí àtẹ̀gùn, wọ́n dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, bí màlúù tó dé etí odò tí kò mọ̀ bó ṣe jìn tó. Wọ́n padà. Wọ́n tò yí ibùsùn ká.

Ojú Anqi wà ní pípadé, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń mì.

"Rárá," ló wí jẹ́jẹ́. "Anqi ni mí." Ó dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. "Mi ò mọ̀."

Peizhen fa ara síwájú lórí àpótí. "Anqi," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àwọn tí ara wọn tutù yìí ni, Mọ́mì. Wọ́n ní ṣé èmi làwọn wá mú. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní ó dà bíi pé èmi ni, torí wọ́n ti tẹ́ mi sílẹ̀ dè wọ́n."

Peizhen fò dìde. Ó já lu ibùsùn náà, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì sáré sísàlẹ̀. Ó gbé e wọ yàrá Màmá, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń ṣubú lu ọ̀rọ̀. Wencong dúró sẹ́nu ọ̀nà, síbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Màmá gbọ́ ọ títí dé òpin. "Ibo ni ẹsẹ̀ ọmọ náà máa ń kọjú sí, tó bá sùn?"

"Ẹnu ọ̀nà, Màmá. Bí ibùsùn náà ṣe gbà níbẹ̀ nìyẹn."

"Wencong, pákó wo lo fi kan ibùsùn yẹn?"

Wencong wo síbí ọwọ́ rẹ̀. "Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ni, Màmá. Apá òsì. Wọ́n ní ká má da igi àtijọ́ nù. Igi náà dáa, kòkòrò ò jẹ ẹ́ rárá."

"Kòkòrò á ṣe jẹ ẹ́? Orí ẹ̀ la tẹ́ bàbá ẹ sí. Orí ẹ̀ la tẹ́ ìyá bàbá ẹ sí. Gbogbo ẹni tó ti ilé yìí jáde lọ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, orí pákó yẹn ni wọ́n ti dìde. Ìwọ wá fi kan ibùsùn fún ọmọ ẹ. O tún fá a kó dán dáadáa, àbí?"

"Mo kùn ún ní àwọ̀ osùn fún un," ni Wencong wí, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ọmọ lọ.

Màmá pa ojú dé. "Èmi ni wọ́n wá mú. Mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí mi tipẹ́, wọ́n ń rìn káàkiri bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ àjà. Ibi tí òjò ń gbà ni wọ́n ń gbà wọlé. Ẹ ti da kọnkéré dí i. Òkú ò mọ àtẹ̀gùn tí kò sí nígbà ayé wọn. Wọ́n kàn rí ẹnìkan tí wọ́n tẹ́ sórí pákó ìdílé, ẹsẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ láyà. Tí ẹ bá jẹ́ àwọn, kí lẹ máa rò?"

Wọ́n pinnu pé Anqi kò ní tẹ yàrá náà mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Peizhen mú un dání lórí ibùsùn tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ó kàn ṣẹ́jú ni o. Nígbà tó la ojú, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó sáré sókè, ó bá Anqi lórí pákó náà, ó ti na gbọọrọ. Ó gbìyànjú láti gbé e, ọmọ náà wúwo bí ọlọ. Ó fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀. Òtútù ti kọjá orúnkún, ó ti dé itan.

Wencong fa ayùn yọ. "Màá gé ibùsùn yìí sí wẹ́wẹ́!"

Ohùn Màmá ti ìsàlẹ̀ wá, kò le, ṣùgbọ́n ó mú. "Fi ayùn sílẹ̀! Wọ́n ti rí ojú ọmọ. Tí o bá gé pákó, ọmọ ló máa kù fún wọn. Ẹ wá gbé mi."

Peizhen kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn arúgbó náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ lórí àkòdì yẹn, gbogbo ẹ̀fẹ̀ yẹn, ló rántí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Dìde jàre. Tó o bá fẹ́ bẹ̀ mí, lọ gbé ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ló wúwo jù. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wá òdòdó sí mi lórí. Mi ò lè gbé orí wúruwùru lọ bá bàbá ọkọ ẹ, á ní ìyà lẹ fi ń jẹ mí."

Ruiyin ló lọ já òdòdó jasmínì nínú ìkòkò tó gbìn ín sí lápá tirẹ̀. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan. Wọ́n to òdòdó náà yí irun funfun Màmá ká, bí àwọn obìnrin etíkun ṣe ń ṣe é, wọ́n sì gbé e gba àtẹ̀gùn tóóró náà lọ sókè. Bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ sórí pákó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Anqi, ọmọ náà fúyẹ́. Peizhen gbé e, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

Ilẹ̀ tutù. Òjò tí ẹnìkan kò rí ń kán. Màmá wo àjà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ ní ibùdókọ̀.

"Ẹ pẹ́," ló wí. Ó tẹ́tí. "Rárá, èyí kọ́. Ẹ wo ojú mi dáadáa. Ṣé mo ti hunjọ tó bẹ́ẹ̀ ni?" Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ ti fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èso tí kò tíì pọ́n ni." Ó tún tẹ́tí. Ọwọ́ rẹ̀ di etí pákó mú. "Ó dáa. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ sí yín létí."

Ètè rẹ̀ mì díẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó kó ọwọ́ lé àyà, èémí rẹ̀ sì dúró jẹ́jẹ́, bí ẹni tó pa iná kó tó jáde nílé.

Ipa ẹsẹ̀ omi náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n tò lọ sí orí àtẹ̀gùn, wọ́n dúró, wọ́n padà. Ní ẹ̀yìn wọn, ẹsẹ̀ tuntun kan ti kún wọn.

"Wọn ò rí ọ̀nà lọ," ni Ruiyin sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Peizhen gbé Anqi fún un. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá òòlù ńlá tí wọ́n fi wó ògiri àtijọ́, ó gbé e gòkè, ó dúró sí àárín yàrá tó ti fi ṣọ́ọ̀kì yà fúnra rẹ̀, ó sì gbé òòlù náà sókè. Ẹ̀ẹ̀kan tó lù ú, eruku sọ. Ó lù ú títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Wencong gbà á, ọkọ Ruiyin gbà á lọ́wọ́ Wencong. Nísàlẹ̀, kọnkéré ń já lu sítóòfù, ó ń já lu fìríìjì, abọ́ ń fọ́, ẹnìkan kò sọ pé ó ṣe.

Nígbà tí ihò náà fẹ̀ tó ẹni gbà, omi ilẹ̀ yàrá náà ṣàn lọ síbẹ̀, ó sì gba inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tó dé ìsàlẹ̀. Ilẹ̀kùn ńlá iwájú ilé, tí wọ́n ti há láti àárọ̀, dún, ó ṣí gbayawu. Àwọn ajá òpópónà dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí ẹni tó yàgò fún èrò.

Anqi sín. Ó ní ebi ń pa òun.

Wọ́n sin Màmá bó ṣe yẹ. Wọ́n wó kọnkéré tó kù, wọ́n gbé pẹpẹ padà sí ìdí ògiri tirẹ̀, àkòdì sì tún la ojú. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ti bo tiwọn wá wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n lọ sílé. Láìpẹ́, ìró òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ilé dé ilé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn rọ̀, Peizhen jókòó sí etí àkòdì, ó fi Anqi sáàárín ẹsẹ̀, ó ń di irun fún un. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ti kún padà. Ó ń jẹ bisikíìtì, ó ń da ẹ̀rúnrún rẹ̀ sílẹ̀ fún èèrà.

"Mọ́mì, Màmá Àgbà ló bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ o. Wọ́n ní àwọn ti fọwọ́ kàn mí, àwọn ò lè fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá Àgbà wá ní kí wọ́n mú òun lọ ná, kí wọ́n padà wá mú mi tó bá yá."

Ìyàrí dúró nínú irun.

"Wọ́n ní kó dá ìgbà. Ló bá sọ ọ́ sí wọn létí." Anqi ju ẹ̀rúnrún sí èèrà kan tó ṣáko. "Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èmi náà gbọ́."

Ohùn Peizhen jáde bíi ti ẹlòmíràn. "Ìgbà wo ló dá fún wọn?"

Ọmọ náà gbé orí sókè, ó wo ojú ọ̀run tó là láàárín ilé, ó mi orí.

"Ó ní kí n má sọ fún yín. Ó ní ẹ ó máa ka ọjọ́."

Ìdajì irun náà ti di dídì, ìdajì ṣì wà ní títú. Peizhen mú ìyàrí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di èyí tó kù.